Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Kọ̀ǹpútà Tí A Pààrọ̀ Mọ́dábọ́ọ̀dù Rẹ̀, Báwo Ni Yóò Ṣe Tún Jí?

Ní ìpàdé wa tó kẹ́yìn, ohùn ga díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án dákẹ́, tí a kò fi lè kọ owó sínú ìwé ẹnikẹ́ni, tí àwọn tí ẹ̀yáwó tọ́ sí sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bínú kò jẹ̀bi. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tilẹ̀ bèèrè pé, "Àbí owó wa ló jóná mọ́ kọ̀ǹpútà ni?" A dáhùn lọ́jọ́ náà pé owó kankan kò jóná, ṣùgbọ́n a rí i lójú yín pé ìdáhùn yẹn kò tó. Ìdí nìyí tí a fi ti ẹ̀kọ́ lórí èlé, èyí tí ó yẹ kó jáde lóṣù yìí, sí oṣù tó ń bọ̀. Púpọ̀ nínú yín ló ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ ọjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ohun tó ṣe wá lè ṣe yín.

Iná ọba ló mú un wá. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan tí òjò rọ̀, tí ìgbìmọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tí ó padà dé, tagbáratagbára ló dé: gílóòbù méjì fọ́ ní gbọ̀ngàn, kọ̀ǹpútà sì dákẹ́ pẹ̀lú òórùn jíjóná. Stabilizer wà nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára rẹ̀ kí ó lè rí ibi ki fáànù bọ̀. A kò ní dárúkọ ẹni náà. Ó ti tọrọ àforíjì.

Ẹnjiníà tí a pè yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù ló kú. Ó wá òmíràn rà. Kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó gba processor wa, ó sì gba RAM wa. Ó dè é mọ́lẹ̀, ó tanná sí i, fáànù ń yí, ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí alẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó mọ́lẹ̀, nígbà tí ó sì mọ́lẹ̀, ohun tí ó kọ ni pé òun kò rí dísìkì kankan tí òun lè ti ibẹ̀ gbéra. Ni ẹnjiníà bá nu ọwọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ká gbé Windows tuntun sí i. Kíá ló máa parí."

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ bá wa dúró lé lórí. Fọ́ọ̀mátì ni kí a nu dísìkì bí ìgbà tí a bá nu síléètì. Àkọsílẹ̀ ọdún mọ́kànlá ló wà lórí dísìkì yẹn: owó àdásí, ìpín, ẹ̀yáwó, orúkọ onídùúró olúkúlùkù. Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ fún yín pé ẹ̀dà tí a ní lórí flash ti pé oṣù mẹ́ta. Bí a bá gbà fún ẹnjiníà lọ́jọ́ náà, gbogbo ohun tí ẹ san láàrin oṣù mẹ́ta ni à bá máa bẹ̀ yín pé kí ẹ mú ìwé owó yín wá kí a fi tún un kọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti sọnù ńkọ́? Akọ̀wé wa ló sọ pé, "Ẹ dúró ná." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló yọ wá.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé mọ́dábọ́ọ̀dù kọ́ ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Dísìkì ni àpótí. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni ẹni tó wà láàrin, tó ń so processor, RAM, dísìkì àti ojú kọ̀ǹpútà pọ̀ kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá kú, lọ́pọ̀ ìgbà, dísìkì wà láàyè, nǹkan inú rẹ̀ kò sì yẹ̀. Ẹ rò ó wò bí ìgbà tí ẹ gba ọmọ ìtajà tuntun. Ọjà wà lórí igbá, owó wà nínú dúrọ́ọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ sí, kò mọ oníbàárà tí ẹ ń tà fún láwìn. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ kò ní torí pé ọmọ tuntun kò mọ ilé kí ẹ wó ṣọ́ọ̀bù.

Bọ́ọ̀dù àtijọ́ ní ìrántí kékeré kan tirẹ̀, tí ó fi ń mọ dísìkì tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ọ̀nà tí yóò gbà bá dísìkì náà sọ̀rọ̀, àti ọjọ́ àti aago. Ìrántí yẹn kò sí lára dísìkì. Ó bá bọ́ọ̀dù lọ. Èyí tuntun wá pẹ̀lú ètò tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i. Iṣẹ́ tó kù kò ju kí a kọ́ àlejò bí ilé ti rí.

Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ ọ ní ohunkóhun, a kọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ kọ. Okùn kan wà tí ẹnu rẹ̀ kan bọ́ sí dísìkì, tí ẹnu kejì jẹ́ USB. Kò wọ́n, àwọn tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà ní i. A yọ dísìkì wa, a so ó mọ́ laptop akápò, a sì rí gbogbo fáìlì ẹgbẹ́ ní pípé. Bàbá akápò jókòó, wọ́n ní kí a bu omi fún àwọn. A da gbogbo rẹ̀ kọ sí ibi méjì. Bí ẹ bá ṣe irú èyí, tí Windows ti kọ̀ǹpútà kejì sì bi yín pé ṣé kí òun fọ́ọ̀mátì dísìkì náà kí ẹ tó lè lò ó, ẹ dáhùn pé rárá, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ ju yín lọ. Láti ìgbà tí ẹ̀dà ti wà lọ́wọ́ wa ni ìkánjú ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bí fáànù bá ń yí tí ojú kò mọ́lẹ̀

Èyí kì í sábà ju ọ̀rọ̀ wáyà lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Wáyà iná méjì ló ń wọ bọ́ọ̀dù: ńlá tó ní ihò mẹ́rìnlélógún, àti kékeré tó ní mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, tí ó wà nítòsí processor. Kékeré yìí ni ẹnjiníà wa gbàgbé. Láìsí i, fáànù lè máa yí, ṣùgbọ́n processor kò ríná jẹ. Lẹ́yìn èyí ni RAM: kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ tí ó dún "kà". Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo dán an wò ná. Ẹ tún wo abẹ́ bọ́ọ̀dù, nítorí pé àwọn òpó idẹ kéékèèké tó gbé e dúró gbọ́dọ̀ bá ihò bọ́ọ̀dù mu. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù láti ara bọ́ọ̀dù àtijọ́, tí kò ní ihò tirẹ̀, ó lè kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù tuntun, kí iná sì gba ibi tí kò yẹ.

Bí ó bá tàn tí kò rí dísìkì

Ní kété tí ẹ bá tan án, ẹ máa tẹ Delete tàbí F2 léraléra, ó ń bẹ lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ ó sì wọ inú ètò rẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní BIOS. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò bóyá orúkọ dísìkì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ padà sí wáyà dísìkì. Bí ó bá wà, tí kọ̀ǹpútà ṣì ń sọ pé òun kò rí i, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ọ̀nà méjì ni Windows máa ń gbà jókòó sórí dísìkì. Ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní Legacy, dísìkì rẹ̀ a sì jẹ́ MBR. Ọ̀nà tuntun ni UEFI, dísìkì tirẹ̀ a jẹ́ GPT. Kọ̀ǹpútà tiwa ti pẹ́, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n gbà gbé Windows sí i. Bọ́ọ̀dù tuntun ní tirẹ̀ wá pẹ̀lú ètò UEFI nìkan. Ó wo dísìkì, kò rí ohun tí ó ń wá, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí ẹni tó ń wá ilé pẹ̀lú nọ́ńbà ni, tó sì dé àdúgbò tí wọ́n ti ń fi orúkọ baálé júwe ilé. Ní BIOS, ètò kan wà tó ń jẹ́ CSM. A pa Secure Boot, a ṣí CSM sílẹ̀, a fi F10 pa á mọ́, kọ̀ǹpútà sì rí dísìkì.

Ẹ má fi èyí ṣe òfin fún gbogbo bọ́ọ̀dù o. Láti ọdún 2021 ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù Intel kò ti gba CSM mọ́ bí ẹ bá ń lo àwòrán inú processor fúnra rẹ̀. Fún irú wọn, Microsoft ti fi irinṣẹ́ kan sínú Windows 10 láti ọdún 2017, mbr2gpt ni orúkọ rẹ̀, tí ó ń sọ dísìkì MBR di GPT láìnu ohun tó wà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò tíì da àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà tuntun ni dísìkì yín wà láti ilẹ̀, CSM ni kí ẹ pa, kí ẹ sì wá Windows Boot Manager nínú ètò Boot, kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ fún ẹnjiníà yín pé kí ó fi flash Windows ṣe Startup Repair, tàbí kí ó lo àṣẹ bcdboot. Ojú ọ̀nà nìkan ni àwọn yẹn ń tún kọ. Wọn kì í fọwọ́ kan fáìlì yín.

Ojú búlúù

A ti rò pé ó ti parí. Àmì Windows jáde, a pàtẹ́wọ́, kò pẹ́ ni ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, ó kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Ẹnjiníà wò wá, ó ní, "Ṣé mi ò wí?" Ó tún dárúkọ fọ́ọ̀mátì.

Ìtumọ̀ ohun tí ó kọ ni pé Windows ti gbéra, ṣùgbọ́n ó dé àárín ọ̀nà, kò rí dísìkì tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ mọ́. Ó yà wá lẹ́nu pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀dù àtijọ́ ń bá dísìkì sọ̀rọ̀ lọ́nà RAID, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dísìkì kan ṣoṣo ló wà. Èyí tuntun ń lo AHCI. Windows tó ti mọ èdè kan láti ọjọ́ pípẹ́ kò múra sílẹ̀ fún èkejì. A padà sínú BIOS, a wá SATA Mode, a yí i sí RAID bí ti tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà sì kọjá ibẹ̀ wọlé. Níbi tí bọ́ọ̀dù tuntun kò bá ti ní RAID, Safe Mode ni àbáyọ: bí Windows bá ti ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, yóò kọ́ èdè tuntun náà, lẹ́yìn náà yóò lè wọlé bó ti yẹ.

Nǹkan kan tí a ṣe dáadáa níbí, kí a yin ara wa díẹ̀, ni pé a mú ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, a ń kọ bí ètò kọ̀ọ̀kan ti wà kí a tó yí i, a kò sì yí ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí márùn-ún pọ̀, bí ó bá jí, kò ní mọ èyí tó jí i. Bí kò bá jí, kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Windows bá wọlé sórí bọ́ọ̀dù tuntun, yóò lọ́ra, ó lè pa ara rẹ̀ kí ó tún tan ara rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀, ó ń wá ojúlùmọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì lè má ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi gbé dírááfà bọ́ọ̀dù náà wá lórí flash. Ó tún lè sọ pé wọn kò tíì san owó òun, nítorí pé mọ́dábọ́ọ̀dù ni Windows fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀. Bí Windows náà bá ti so mọ́ àkáǹtì Microsoft yín, ẹ wọ Activation, kí ẹ yan ibi tó ti ní kí ẹ sọ pé ẹ pààrọ̀ nǹkan lára kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé-iṣẹ́ ni, ó sábà máa ń bá bọ́ọ̀dù àtijọ́ kú, ẹ ó ra òmíràn. Fáìlì yín yóò ṣí bó ti wù kó rí.

Èyí tó le jù

Ẹ̀kọ́ yìí kò pé bí a kò bá sọ ti ọ̀kan nínú àwọn ìyá aláṣọ wa. Wọ́n fún wa láyè láti sọ ọ́, kìkì pé kí a má dárúkọ àwọn. Laptop Windows 11 ni tiwọn. Omi dà sí i, wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù rẹ̀. Gbogbo owó aṣọ ẹbí tí àwọn ènìyàn ń san díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, inú rẹ̀ ló wà. Ó tàn o, dísìkì wà o, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ ń bèèrè ni nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta.

BitLocker ni wọ́n ń pe èyí. Ó ń ti dísìkì pa, ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́ sínú ohun kékeré kan tí ń jẹ́ TPM, tó máa ń wà lára bọ́ọ̀dù tàbí nínú processor. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows 11, fúnra rẹ̀ ló ń ti ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún ìyá. Nígbà tí dísìkì bá jí tó rí bọ́ọ̀dù tí kò mọ̀, ó gbà pé olè ló gbé òun. Okùn USB tí a fi da tiwa kọ kò wúlò níbí, nítorí dísìkì yóò ṣì bèèrè nọ́ńbà. Ẹnjiníà tó bá sì sọ fún yín pé òun lè já a láìsí nọ́ńbà, ẹ má kó owó fún un.

Níbo wá ni nọ́ńbà wà? Inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi kọ́kọ́ ṣí laptop náà. Ta ló sì ṣí i? Ọmọ iṣẹ́ wọn kan, tó fi email ti ara rẹ̀ ṣe é, tó sì ti kúrò lọ́dọ̀ wọn láti ọdún tó kọjá, tí òun àti ìyá kò fi ẹ̀rín túká. Ó ti wà ní Ìlọrin. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìyá fi gbé fóònù tí wọ́n tún gbé e kalẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè é, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ ká gbàgbé tàná." Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ mú bírò, Mà."

Ìdì mẹ́jọ ni nọ́ńbà náà, mẹ́fà mẹ́fà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kà á, "five" sì jọ "nine" lórí fóònù, ni kọ̀ǹpútà bá kọ ìdì kẹta. Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é: ìdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé fi mọ́kànlá pín láìṣẹ́kù, nítorí náà bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà ẹyọ kan tẹ̀, kọ̀ǹpútà á ti mọ ìdì tí àṣìṣe wà. Wọ́n tún un kà. Ó ṣí. A gbọ́ pé ọmọ náà wá kí ìyá ní ọdún Iléyá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní laptop, kí iná tó jó o, lálẹ́ òní, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ kọ manage-bde -protectors -get C: kí ẹ sì tẹ Enter. Bí nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta bá jáde, ẹ fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé. Kí ìwé náà má wà nínú báàgì laptop. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ẹ kọ́kọ́ fi Suspend dá BitLocker dúró kí ẹ tó gbé e lọ.

Aṣìṣe tiwa, àti ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ yín

Bátìrì pẹrẹsẹ kan wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, CR2032 ni nọ́ńbà rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ bí iná kò tilẹ̀ sí. Ti bọ́ọ̀dù tí a rà ti kú. Íntánẹ́ẹ̀tì ìbá tún ọjọ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Inú wa dùn púpọ̀ pé kọ̀ǹpútà jí, a kò wo ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí kọ owó tí ẹ ti san láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, a ti kọ ti ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kàndínlógún sí ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2018. Nínú wọn ni arákùnrin kan tí ìwé fi hàn pé ó san gbèsè kí ó tó yá a, tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣírò èlé sẹ́yìn fún un. A ti pààrọ̀ bátìrì, a sì ti tún ti inú kọ̀ǹpútà kọ. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ló kù.

Láti oṣù yìí lọ, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni a ó máa da àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kọ sórí dísìkì méjì, ọ̀kan ní ọ́fíìsì, èkejì ní ilé akápò. A ti fi fóònù ya àwòrán ètò BIOS, a ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì wà nínú àpótí owó tí akọ̀wé àti akápò jọ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Windows 10 tí a ń lò náà, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ìgbìmọ̀ yóò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé ọdọọdún, nítorí owó wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2018 nínú ìwé owó yín, níwájú owó tí ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ san ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé náà wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta èyíkéyìí láàrin aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Akọ̀wé yóò fi bírò pupa kọ ọjọ́ gidi sí i, akápò yóò sì fọwọ́ sí i níwájú yín.